Ọ̀fun Tó Ń Dùn Mí àti Orógbó Bàbá Mi

Òórùn orógbó ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ nígbà yẹn, kí n tó la ojú tán. Bàbá mi á ti kírun àsùbáà, á ti jókòó sórí awọ àgùntàn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní àdúgbò Gàmbàrí, á sì ti bó orógbó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò tàdáà tó fi ń kọ̀wé sí wàláà. Ìwọ náà tó o jókòó sílé-kéú rí mọ òórùn tí mò ń wí: orógbó tó korò, tàdáà tó ń rùn bí èédú tí wọ́n bu omi pa, igi wàláà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, gbogbo rẹ̀ pò pọ̀ mọ́ òtútù ọyẹ́. Títí dòní, bí mo bá gba iwájú àwọn tó ń ta orógbó kọjá ní ọjà Ipata, ọwọ́ mi á kàn lọ sí iwájú etí mi òsì fúnra rẹ̀. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, a máa ní sọ́jà wo ni mò ń kí. Mo máa ń jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Òun kọ́ ni wọ́n mú irin lọ́wọ́ wá bá.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ. Mo ti gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n sì ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó mi. O mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin, ọmọbìnrin kì í kàn káṣọ lọ sílé ọkọ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ ṣe wọ́límọ̀ ná. Á jókòó láàárín ẹbí méjèèjì àti àwọn àfáà, á ké Àlùkùránì sí wọn létí, kí tọmọdé tàgbà lè mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Tèmi tún wá ju ti ẹlòmíì lọ, nítorí bàbá mi gan-an ni àfáà tó kọ́ mi. Ilé-kéú rẹ̀ kún fọ́fọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n lásìkò tí mò ń wí yìí, ilé-kéú ìgbàlódé kan tó ní bẹ́ǹṣì àti bọ́ọ̀dù ti ṣí ní àdúgbò kejì, àwọn òbí sì ń kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kàn ń fọ àwọn wàláà tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí mọ́, ó ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Èmi ni ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́kọ́ tó máa parí Àlùkùránì, ó sì ti wà lọ́kàn rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí mo bá ké e, àwọn èèyàn á gbọ́ pé wàláà òun ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò sọ ọ́ fún mi, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní orógbó. Gbogbo wa la gbà pé orógbó ló ń la ohùn, mi ò tíì rí àfáà tàbí olórin tí kì í rún un. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọjọ́ wọ́límọ̀ ni mo ti ń rún méjì ní àsùbáà, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́rin. Fúnra bàbá ló ń lọ ṣà á ní Ipata, á máa fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mú èyí tó le dáadáa. Wọ́n ti yọ eyín kan fún mi lápá ọ̀tún lọ́dún tó ṣáájú, ibẹ̀ kò sì fẹ́ nǹkan líle, nítorí náà apá òsì nìkan ni mo fi ń rún un. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ korò lẹ́nu mi mọ́. Bí mo bá rún un tán, màá ké súrà tí a bá wà lórí rẹ̀, bàbá á dijú, á máa mi orí. Èyí tó nira jù ni àwọn hárúfù, lẹ́tà Lárúbáwá, tí à ń pè láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Bàbá kì í gbójú fo ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Á ní kí n la ẹnu, kí n là á dáadáa, èmi náà á sì là á dé ibi tó lè là dé.

N kò lè sọ ọjọ́ tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀ gan-an. Mo kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣe mí bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun, lápá òsì. Mo gbé òkèlè ẹ̀bà ńlá mì kí eegun náà lè bá a lọ, kò bá a lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tó fi di pé bí mo bá gbé itọ́ mì, á ta mí dé inú etí. Bí mo bá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé dọ̀sán, mi ò ní lè pe orúkọ wọn tán nínú rẹ́gísítà. Ìyá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lẹ́nu, ó wo ọ̀fun mi títí, kò rí nǹkan pupa, kò rí nǹkan funfun. Mo fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ ọ̀fun. Oníkẹ́míìsì fún mi ní kapúsù, mo lò ó tán, àfi bí ẹni pé mo gbé àkàrà mì. Wọ́n ní kí n máa rún atalẹ̀ tútù, mo rún un. Bàbá sọ orógbó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́: àsùbáà, ìyálẹ̀ta, àti lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́.

Ṣé o rí i báyìí? Ọ̀fun ló ń dùn mí, orógbó sì ni oògùn ọ̀fun. Ta ló fẹ́ bi ẹnikẹ́ni léèrè? Bó bá ṣe ń dùn mí sí i ni wọ́n ń fún mi sí i, bí wọ́n bá sì ṣe ń fún mi sí i ló ń dùn mí sí i, kò sẹ́ni tó so méjèèjì pọ̀ nínú ilé tó kún fún èèyàn báyẹn, títí kan èmi tíṣà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tiẹ̀ ti ń ró kọ́ bí mo bá yán, ṣùgbọ́n n kò kà á sí. Ta ló ń fẹjọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn nígbà tí ọ̀fun ń pa á lọ?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí wọ́límọ̀, n kò lè ké ju ojú ewé kan lọ kí omi má bọ́ lójú mi. Àárín ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó bá mi sọ̀rọ̀, orí ni mo fi dá a lóhùn. Ó wo ìyá mi, ó béèrè bóyá kò sí o, ìyá mi ní ọ̀fun ni. Ó ní Ọlọ́hun á fún mi ní àlàáfíà, ó mu omi, ó lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé etí wa láti ilé wọn. Wọ́n ní bóyá ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n ké ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀fun bojú. Àwọn míì ní bóyá n kò fẹ́ ọkọ náà mọ́ ni. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ bá wọn nílé wọn, kí n ké súrà tó gùn jù sí wọn létí, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ké e? Bàbá mi gbọ́ ọ. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú wàláà kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó tún un fọ̀.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló wá dájọ́ pé bélúbélú ni. Bélúbélú ni ẹran kékeré tó so rọ̀ lẹ́yìn ahọ́n, tí àwọn èèyàn wa gbà pé ó máa ń gùn jù lọ́fun ẹlòmíì, pé òun ló ń fa ọ̀fun dídùn tí kò gbóògùn. Gígé ni wọ́n ń gé e. Onígbàjámọ̀ kan sì wà ní àdúgbò wa, bàbá arúgbó tó ń fá orí ọmọ tuntun, tó ń kọlà, tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, tó sì ń gé bélúbélú, iṣẹ́ tí àwọn baba rẹ̀ gbé wá láti ilẹ̀ Haúsá. Ìyá àgbà ní kò sí ohun tí à ń rò, wọ́n ti gé ti òun náà nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun ṣì wà láyé.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́ fún ọ. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti gé ti ọmọ àbúrò bàbá mi kan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kán sínú abọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, imú ló fi ń sọ̀rọ̀, omi tó bá mu a sì máa gba imú jáde. Hárúfù ọ̀fun wo ni mo fẹ́ fi imú pè níwájú àwọn àfáà? Mo bẹ ìyá mi. Ó ní òun náà ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni òun fẹ́ fi bá ìyá ọkọ òun jiyàn. Mo bẹ bàbá. Ó béèrè bóyá mo mọ nǹkan mìíràn tí a lè ṣe. N kò mọ ọ̀kankan.

Àárọ̀ Sátidé ni onígbàjámọ̀ dé. Ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú àpò awọ rẹ̀, ó ń to irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní pẹ̀lẹ́: abẹ, ìwo màlúù, igi pẹlẹbẹ kan tó fi ń tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀, àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn, tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí èékánná ẹyẹ. Ó da omi gbígbóná sí irin náà lórí. Ìyá mi di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ìyá àgbà jókòó sẹ́yìn mi, ó gbé orí mi lé àyà rẹ̀, ó há a mọ́ra. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sì jáde. Mo ń gbọ́ òórùn orógbó lára aṣọ rẹ̀ láti ibẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ní kí n la ẹnu. Mo là á. Ó ní kí n là á sí i. Mo gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ró kọ́ tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi gbọ́, àgbọ̀n mi sì yẹ̀ sápá òsì. Irin ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Mo pa ojú dé, mo bẹ̀rẹ̀ àdúà kan, mi ò rántí bó ṣe parí, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ń retí kí ẹ̀jẹ̀ kún mi lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ò dé.

Nígbà tí mo la ojú, ó ti gbé irin náà sílẹ̀. Ó ní kí n pa ẹnu dé, kí n tún là á díẹ̀díẹ̀, ó ń wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ilẹ̀kùn tí kò dé mọ́ dáadáa. Ó fi ìka kọ̀ọ̀kan sí iwájú etí mi lọ́tùn-ún lósì, ó ní kí n tún ṣe é. Ó ró kọ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ apá òsì. Ọ̀rẹ́ mi, iwájú etí ló tẹ̀, ọ̀fun mi ló dáhùn. Mo lọgun, mo já ọwọ́ mi gbà lọ́wọ́ ìyá mi, mo fi di ọ̀fun mú. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún di ọ̀fun mú.

"Ìyá, n kò ní gé e," ó sọ fún ìyá àgbà. "Ọ̀fun ọmọ yìí kò ṣe nǹkan kan."

Ìyá àgbà fara ya. Ó ní ṣé ọ̀fun tí kò ṣe nǹkan kan ló ń pa ọmọ lẹ́kún láti oṣù méjì, ó ní kó gé e kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Bàbá arúgbó náà kò bá a jiyàn. Ó ní òun a máa yọ eyín fún èèyàn pẹ̀lú, òun sì mọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń ṣí. Ó ní òun ti gé bélúbélú àwọn kan rí nítorí pé ẹbí wọn fẹ́ kí òun gé e, ọ̀fun wọn sì ń dùn wọ́n títí di bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó nu irin náà, ó fi aṣọ wé e. Ó wá yíjú sí mi.

"Kí lò ń rún?"

Láti oṣù méjì, kò tíì sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ibẹ̀ ló ti wá tàn sí mi, bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé. Apá òsì. Orógbó. Àsùbáà, ìyálẹ̀ta, ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ níwájú bàbá mi? Ọkùnrin tí àwọn ọmọ kéú ti ń sá fi sílẹ̀, tó ń ṣa orógbó fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀, ṣé èmi ni kí n wá sọ fún un pé òun ló ń ṣe mí? Mo wolẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan tí mò ń rún. Onígbàjámọ̀ ò yẹ ojú kúrò lára mi. Mo ní bóyá ẹ̀pà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Orógbó ni," bàbá mi sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni mo ń fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù jáláábù rẹ̀, ó kó èyí tó kù níbẹ̀ jáde, ó dà á sílẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ àti ìwo. Mo bú sẹ́kún. Onígbàjámọ̀ ti ń kó ẹrù rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú mi lọ rí àwọn dókítà eyín ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Bàbá mi ló mú mi lọ ní ọjọ́ Ajé. Dókítà obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ti àwọn ará Ọ̀mù-Àrán ló wò mí. Ó tan iná sí mi lọ́fun, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó lè rí i dájú pé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní ta ló ní ká wá bá òun. Bàbá ní onígbàjámọ̀ ni. Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí bàbá tún un sọ. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé oríkèé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ṣí tó fi ń dé wà níwájú etí gan-an, bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn, pé tèmi ti wú nítorí iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ó ní àwọn iṣan tó ń fa àgbọ̀n wà nítòsí àwọn tó wà nídìí ahọ́n àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun, bí oríkèé náà bá ń bínú, gbogbo wọn á le gbagidi. Ó ní orí èèyàn kì í sábà mọ ibi tí irú ìrora bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ẹlòmíì á rò pé etí ni, ẹlòmíì á rò pé ọ̀fun ni, wọ́n á sì máa wo ibi tí kò ṣẹ̀.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè, bóyá orógbó ló fà á. Dókítà náà ò mọ ẹni tó ń fún mi. Ó kàn dáhùn pé òun kò lè ní orógbó nìkan ni, ṣùgbọ́n kéèyàn máa fi ẹ̀gbẹ́ kan rún nǹkan líle fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tún máa la ẹnu gbàgà sí i lójoojúmọ́, kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó máa gbà á. Bàbá wo ilẹ̀ títí a fi dìde.

Wọ́n ní kí n máa jẹ nǹkan rírọ̀, kí n máa fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n má ṣe la ẹnu ju ìka méjì lọ, kí n sì gbé ọwọ́ ti àgbọ̀n bí mo bá fẹ́ yán. Kò gbọdọ̀ sí kíké sókè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́límọ̀ sì ti ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Bàbá ní kí wọ́n sún un síwájú, èmi ni mo kọ̀, nítorí mo mọ ohun tí ilé ọkọ mi máa sọ. Ni a bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójoojúmọ́, òun ló ń ké e, èmi ń fi ojú bá a lọ, mo pa ẹnu dé. Kò fi orógbó sí ẹnu tirẹ̀ náà mọ́. Ẹ̀bà pàápàá kò kọjá lẹ́nu mi mọ́ nígbà yẹn, ẹ̀kọ àti ọ̀gì ni mò ń mu bí ọmọ ọwọ́. Ìrora náà ń lọ, á tún padà dé, á tún lọ. Ní gbogbo àárọ̀, màá rọra gbé itọ́ mì, bàbá á máa wo ojú mi bí mo ṣe ń gbé e mì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ wọ́límọ̀, wọ́n ti wọ̀ mí láṣọ tán, ìbòrí funfun wà lórí mi, bàbá mi sì wọlé wá bá mi. Síbí kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rin orógbó kúnná bí àtíkè, ó ti pò ó mọ́ oyin.

"Má rún un," ó ní. "Gbé e mì."

Mo gbé e mì. Kò dùn mí. Mo jáde lọ jókòó láàárín wọn, mo sì ké e. N kò ní purọ́ pé ohùn mi lọ sókè, kò lọ. N kò la ẹnu ju ìka méjì lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn ní láti na ọrùn kó tó gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo hárúfù ọ̀fun ló jáde láti ibi tó yẹ kó ti jáde, mo sì rí i pé ẹnu bàbá mi ń bá mi lọ láìdún, ó ń la tirẹ̀ fún mi. Àwọn àfáà ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi gèlè nu ojú. Àwọn wàláà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ò tìtorí ìyẹn kún padà, n ò sọ pé wọ́n kún, àmọ́ bàbá jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tó ti jẹun bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Láti ìgbà náà, kò sí nǹkan tí bàbá máa fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, bó ṣe egbòogi, bó ṣe àgbo, kó má kọ́kọ́ béèrè pé níbo ló ń dùn ọ́ gan-an, kó sì gbé ọwọ́ lé ibẹ̀. Àwọn àbúrò mi rò pé ọjọ́ ogbó ló ń ṣe é. Èmi mọ ibi tó ti kọ́ ọ.

Nígbà tí ọdún 2000 ń sún mọ́lé ni àìsàn dá òun náà dùbúlẹ̀. Apá kan ara rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ kò sì já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo lọ wò ó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kó oríṣiríṣi oògùn jọ sí ìdí ibùsùn rẹ̀, wọ́n ń jiyàn nípa èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ lò. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo bi í léèrè bó ṣe máa ń bi wá, pé, "Bàbá, níbo ló ń dùn yín gan-an?"  Ó wá na ọwọ́ tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó gbé e lé ara mi, sí iwájú etí mi òsì, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀. Omi lé sí mi lójú. Mo la ẹnu mi gbàgà lábẹ́ ìka rẹ̀, dé ibi tó lè là dé, mo sì pa á dé, kó lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Kò ró kọ́ mọ́.